Lẹ́tà sí Àdìsá lórí Owó Oṣù Àwọn Ọmọ Ilé Búrẹ́dì

Ìwó, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àdìsá ọmọ mi, ọmọ Olódò Ọbà, ọmọ ilé odídẹrẹ́,

   

Ọ̀rọ̀ kan dé etígbọ̀ọ́ mi ní ọjà Odò-Orí, n kò sì tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní o pín àwọn ọmọ ilé búrẹ́dì rẹ sí ọ̀nà méjì, pé apá kan ń jẹ́ orúkọ àtijọ́, apá kejì ń jẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ, kí apá kankan má baà pé ènìyàn 25, àti pé ₦40,000 ni àwọn ti apá kejì ń gbà lóṣù. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé ẹni tí ó rò ó fún mi ń yìn ọ́ ni, ó ní ọpọlọ rẹ pé.

Mo mọ ibi tí o ti mú ọgbọ́n náà. Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni ó yọ ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu sì sọ ₦30,000 di ₦70,000 ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, a kò fi ọwọ́ kan ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìwọ ń tàn? Ààrò kan náà ni, fúláwà kan náà ni wọ́n ń pò, fọ́mánù kan náà ni ń pàṣẹ fún wọn, ọkọ̀ kan náà ni ó sì ń gbé búrẹ́dì lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bowen. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pè ọ́ lẹ́jọ́, gbèsè gbogbo oṣù tí o ti ń bù wọ́n jẹ ni a óò kà sí ọ lọ́rùn. Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ ní ibòòji. Ìwọ ti dé ibòòji, mo sì bá ọ dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ agboolé wa ni ó wà nídìí ààrò.

O mọ̀ pé mo ṣe akọ̀wé ní ilé ìlagi kan ní Ìbàdàn rí. Ní ọdún 1981, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ tí Hassan Sunmonu jẹ́ olórí wọn ti da iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba Shagari ṣòfin pé ₦125 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 ni òfin ìgbà náà yọ sílẹ̀, àwa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èmi ni mo ń fa ilà sí ìwé owó oṣù, yíǹkì dúdú fún iye tí a san, pupa fún iye tí a yọ. Ọ̀gá sì ní kí n kọ iye àtijọ́. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ pé bí ó bá fi ọwọ́ lu ìtì ìrókò lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sọ ibi tí inú rẹ̀ ti jẹrà. Ó ka owó rẹ̀ lójú mi, ó tún un kà, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé bí ìjọba ti wí nìyí?” Mo mọ èsì rẹ̀, mo tẹrí ba sínú ìwé. Kò pẹ́ tí ó fi bá tirẹ̀ lọ, àwọn tí ó mọṣẹ́ jù lọ tẹ̀lé e, ayùn ńlá tí ọ̀gá fi owó gọbọi rà sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò. N kò tún fojú kan ọkùnrin náà mọ́ títí di òní, ọ̀rọ̀ tí n kò sì bá ọ̀gá sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń bá ìwọ sọ yìí.

Nígbà ayé wa, ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ lè sùn kí ó han-anrun, nítorí owó oṣù tí ó kéré jù lọ kì í tètè yí padà. Láti ₦5,500 ọdún 2000 títí dé ₦18,000 ọdún 2011, ọmọ tí a bí yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ girama. Ọdún mẹ́jọ ni ó tún gbà kí ó tó di ₦30,000. Nísinsìnyí, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni òfin ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, áḿbọ̀ǹtórí oṣù Keje ọdún 2027. Kì í sì í yọ sí ni lójijì: láti ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni ìgbìmọ̀ ìjọba, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti jókòó, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà títí iná fi kú káàkiri Nàìjíríà, kí a tó fi ọwọ́ sí i lóṣù Keje. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ẹni tí ó létí fi rí ṣírò. Bí o bá ti gbọ́ pé ìgbìmọ̀ jókòó, ìgbà náà ni kí o ti máa díwọ̀n iye tí búrẹ́dì kan yóò jẹ́, kí o sì máa ya owó sọ́tọ̀.

Má gba ọ̀rọ̀ orí WhatsApp gbọ́. Gásẹ́ẹ̀tì ìjọba ni kí o wá rà. Àwọn kan ní ₦75,000 ni ti Ọ̀ṣun, ₦85,000 ni ti Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ìyẹn wà fún, òfin Àbújá ni ó de ìwọ. Má sì gbàgbé fọ́mánù, nítorí bí ọmọ tí ó dé lánàá bá ń gba ₦70,000, ojú yóò ti àgbà iṣẹ́ tí tirẹ̀ kò fi nǹkan kan jù ú. Má fi fóònù ṣe ìwé owó oṣù, mo bẹ̀ ọ́. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni mo fẹ́, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ tàbí kí ó tẹ̀ka. O lè rẹ́rìn-ín. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

N kò sọ pé ó rọrùn. Mo mọ ohun tí àpò fúláwà dà, mo mọ ohun tí epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o ní ogún ènìyàn ní tòótọ́, kí o sì san ₦70,000 fún wọn, ju kí ọgbọ̀n máa jẹ́ orúkọ méjì lọ. Nítorí ẹni tí ń ta gàrí ní Odò-Orí kì í bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n ní ibi iṣẹ́ kí ó tó dá iye lé e.

Wá sílé ní Sátidé, ìwọ nìkan, kí o mú ìwé owó oṣù dání, kí a jọ ṣírò ohun tí o jẹ wọ́n láti oṣù tí o ti pín wọn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.