Fáìlì Tó Jẹ́ Awọ Lásán
Ìbéèrè: Oníbàárà mi ní Ládípò, Mushin, gbé fáìlì IGES ti ìbòrí iná mọ́tò wá. Ó ṣí nínú ètò kọ̀ǹpútà FreeCAD, àmọ́ awọ lásán ni, kò ní inú. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́kọ́ bèèrè fáìlì STEP, nítorí IGES sábà máa ń kó ojú kọ̀ọ̀kan wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kò bá sí, wọn gígùn rẹ̀ wò, bóyá íǹṣì ni wọ́n fi yà á dípò mílímítà: íǹṣì kan jẹ́ mílímítà 25.4. Wá rán àwọn ojú náà pọ̀ bí aṣọ, kí àlàfo tí o máa gbà láàyè má ju mílímítà 0.01 lọ. Mo bẹ̀ ọ́, má sọ ọ́ di 1 nítorí ìkánjú. Etí á wọ́, ìbòrí ò ní wọ ojú mọ́tò. Níbi tó bá ṣì là, pa ojú tó bàjẹ́ rẹ́, kí o fi àwọn etí tó yí i ká ya òmíràn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti pa dé, sọ ọ́ di odidi.