NÍGBÀ TÍ ỌKỌ̀ BÁ KỌ̀ TÍ KÒ SÍTÁÀTÌ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ tí a mú wá yìí jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò yọ ẹni tí kò ní ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní lónìí lè wa ti bàbá rẹ̀ lọ́la.

Ẹ wo ọ̀nà Alábàtà, tí a ń yà wọ̀ ní oríta Kámpù lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Òun ni ó lọ sí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ibẹ̀ náà sì ni àwọn àgbẹ̀ ń gbà kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ọjà. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò tàbí ọjọ́ ọjà, ẹni tí ó ni ín a máa sáré pe ẹnikẹ́ni tí ó bá mú sípánà dání. Onítọ̀hún a ní, "Bátìrì ni." Wọn a ra bátìrì, ọkọ̀ kò dáhùn. "Á jẹ́ pé pílọ́ọ̀gì ni." Wọn a ra pílọ́ọ̀gì, kò dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi ṣú, owó ti tán, a sì lè wá rí i pé wáyà kan ni ó dẹ̀ lórí bátìrì. Nítorí náà, kókó ẹ̀kọ́ wa kò ju ọ̀kan lọ: ẹ má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun títí ẹ ó fi mọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.

1. OHUN MẸ́RIN TÍ ẸŃJÌNNÌ Ń FẸ́
Ẹńjìnnì ń fẹ́ ohun tí yóò yí i, ó ń fẹ́ epo, ó ń fẹ́ atẹ́gùn, ó sì ń fẹ́ iná tí pílọ́ọ̀gì ń ṣá. Epo, atẹ́gùn àti iná gbọ́dọ̀ pàdé lásìkò. Bí ọ̀kan bá sọnù, ọkọ̀ kò ní dáhùn, bí mẹ́ta yòókù tilẹ̀ pé.

Láyé àtijọ́, irin ni wọ́n fi ń fọwọ́ yí ẹńjìnnì, irin náà a sì máa ta padà, a ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni ó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ oníná tí Charles Kettering ṣe ní Amẹ́ríkà láti fi yí ẹńjìnnì. Ẹ̀rọ yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kíkì sítátà.

2. ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ: ṢÉ Ó Ń YÍ?
Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tẹ́tí sílẹ̀.

(a) Bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò bá tàn rárá, ẹ lọ wo orí bátìrì. Ṣé wáyà rẹ̀ dẹ̀? Ṣé ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé bò ó? Ẹ tú u, orí òdì (−) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dè é le.

(b) Bí ó bá ń dún kọ-kọ-kọ-kọ léraléra, tí iná sì ń ṣú, agbára bátìrì ni ó lọ sílẹ̀. Bátìrì tí ó kún máa ń fi nǹkan bí 12.6 hàn lórí mítà. Èyí tí ó sún mọ́ 12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bí ẹ bá fi bátìrì ẹlòmíràn jí i, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ bèèrè ohun tí ó pa tiyín: ó ti gbó ni, ẹnìkan gbàgbé iná ni, tàbí ẹ̀rọ tí ń gba iná sí i kò ṣiṣẹ́ mọ́?

(d) Bí iná bá mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹńjìnnì kò mì, ẹ wo jíà. Ọkọ̀ ọ̀tọ́mátíìkì kì í yí àyàfi tí jíà bá wà ní P tàbí N. Bí jíà bá wà ní àyè rẹ̀, kíkì sítátà tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

3. ÌBÉÈRÈ KEJÌ: Ó Ń YÍ DÁADÁA, ṢÙGBỌ́N KÒ GBANÁ
Níbí, ẹ má ra bátìrì. Bí ó ti ń yí dáadáa ti gba bátìrì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Epo tàbí iná ni kí ẹ wá.

Nínú Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan rí àti Volkswagen Beetle tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975, kábúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ atẹ́gùn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú táǹkì ni pọ́ńpù epo wà. Bí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ láì tíì yí ẹńjìnnì, yóò kùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, fíúsì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí fíúsì kò wọ́n tó pọ́ńpù.

Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì yọ pílọ́ọ̀gì kan. Bí epo bá rin ín, epo ń dé, iná ni kí a wá. Bí ó bá gbẹ, ó ṣeé ṣe kí epo má máa dé. Ẹ má fi ọwọ́ di wáyà pílọ́ọ̀gì mú bí ẹńjìnnì ti ń yí. Iná rẹ̀ lágbára.

Ẹ bèèrè ibi tí a ti ra epo pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA kéde pé epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ orílẹ̀-èdè yìí. Methanol a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ àwọn irin ọ̀nà epo.

Bí kọ̀ǹpútà mẹkáníìkì bá dárúkọ ẹ̀yà kan, ẹ̀rí ni, kì í ṣe ìdájọ́. Wáyà tí ó lọ síbẹ̀ lè ti já, eku sì lè ti jẹ ẹ́.

4. ÌKÌLỌ̀
Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan; ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Bí ẹńjìnnì bá ṣàdédé ń yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tí ó yára ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró: táímíǹgì bẹ́líìtì lè ti já, àyíyípadà yóò sì ba inú ẹńjìnnì jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da epo sí ọ̀nà atẹ́gùn kí ó lè gbaná. Ó lè jó ojú ẹni tí ó dà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, owó ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ kò tíì yẹ̀ wò, ẹ má sọ pé ó bàjẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Dárúkọ ohun mẹ́rin tí ẹńjìnnì ń fẹ́.
2. Ọkọ̀ kan ń yí dáadáa ṣùgbọ́n kò gbaná. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a ra bátìrì?
3. Pílọ́ọ̀gì tí a yọ rin fún epo. Kí ni èyí fi yé wa?