Kókó Tó Ń Rìn: Ṣe àti Má Ṣe fún Ẹni Tó Fẹ́ Sín Òkúta Iyebíye Nílé

Okùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé òkúta ló ń pe ojú, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá wọ ọjà òkúta iyebíye ní Òjòó, n'Íbàdàn: túmálíìnì pupa àti aláwọ̀ ewé, kúọ́tìsì tó mọ́ gaara, ámẹ́tíìsì elésè àlùkò. Owó á tán síbẹ̀. A óò délé, okùn tó wà nílẹ̀ ò ní wọ ihò, èyí tó wọ ihò ò ní lè gbé òkúta.

Ohun ọ̀ṣọ́ tí mò ń sọ yìí kò ní ìkọ́, kò ní irin. Okùn, òkúta àti kókó ni gbogbo rẹ̀. Kókó náà ló ń rìn lórí okùn, tí ẹ̀gbà kan ṣoṣo fi lè fún mọ́ ọwọ́ ọmọbìnrin, kó sì tún dẹ̀ fún ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tí irin máa ń mú kí ara rẹ̀ yún á rí i wọ̀ láìsí ìyọnu. Bó bá sì bàjẹ́, nínú kí okùn já tàbí kí kókó tú ni. Òkúta kì í sábà jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí.

ṢE: Ẹ wọn ihò kí ẹ tó wọn ọwọ́.
Ìlẹ̀kẹ̀ òkúta tó fẹ̀ tó mìlímítà 8 sábà máa ń ní ihò bíi mìlímítà 1, okùn 0.8 á sì gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Òkúta olówó gọbọi, ihò rẹ̀ máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, ẹni tó ń lu ú kò sì fẹ́ kó fúyẹ́. Nǹkan míì tún wà: ìhà méjèèjì ni wọ́n ti sábà máa ń lu òkúta kí ihò pàdé láàárín, ìgbà míì kì í pàdé dáadáa, okùn á wọlé, á há. Ẹ gé okùn díẹ̀ sápò lọ sọ́jà, kí ẹ fi dán ihò kọ̀ọ̀kan wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ fi ìka kan ẹnu ihò náà pẹ̀lú. Èyí tó bá mú, tó ń ha ìka, á ha okùn títí yóò fi já.

MÁ ṢE: Ẹ má fi rọ́bà tó ń fà sín òkúta tó wúwo.
Á gùn, á rọ, á já lójijì, gbogbo òkúta á sì fọ́n sílẹ̀. Ẹ fi rọ́bà sílẹ̀ fún ìlẹ̀kẹ̀ oníke.

ṢE: Ẹ mọ irú okùn tó wà lọ́wọ́ yín.
Pọliẹ́sítà tí wọ́n fi ìda pa ni mo kà sí ọ̀gá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: kókó rẹ̀ dúró, omi kì í tètè bà á jẹ́, orí rẹ̀ sì ṣeé fi iná yọ́. Òwú tí wọ́n fi ìda pa rọ̀ lọ́wọ́, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n òógùn àti omi máa ń tètè mú un. Okùn sátíìnì tó ń dán yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Kókó máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Awọ náà dára, àmọ́ òkúta tí ihò rẹ̀ tóbi nìkan ló gbà á.

MÁ ṢE: Ẹ má ṣe ahun okùn.
Fún ọrùn ọwọ́ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16, ẹ gé 60 fún okùn àárín, èyí tí òkúta máa wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì gé 40 mìíràn fún kókó tó ń rìn. Ti ọrùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 120. Bí ẹ óò bá ta kókó sáàárín òkúta, ẹ ta mẹ́wàá sórí okùn náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wọn iye tó jẹ lára rẹ̀, kí ẹ tó gé. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò ní ṣòfò. Èyí tí kò tó, a kì í lẹ̀ ẹ́.

ṢE: Ẹ fara balẹ̀ kọ́ kókó tó ń rìn, torí òun ni iṣẹ́ gan-an.
Ọ̀nà méjì ló wà. Èyí tó yá jù ni irú ti àwọn apẹja. Ẹ tẹ́ orí okùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, kí èkejì kọjú sí òsì. Ẹ mú orí kan, ẹ ṣẹ́ ẹ padà, ẹ fi yí okùn kejì àti ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ki orí náà gba inú òrùka tí ẹ yí yẹn, kí ẹ wá rọra fà á. Ẹ ṣe bákan náà fún orí kejì lára okùn àkọ́kọ́. Ó ti di kókó méjì. Bí ẹ bá fà wọ́n jìnnà síra, ẹ̀gbà á fún. Bí ẹ bá tì wọ́n pàdé, á dẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó dúró, ojú rẹ̀ sì tẹ́ rẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí orí okùn méjèèjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì kí wọ́n má sún. Ẹ so àárín okùn 40 yẹn mọ́ wọn. Ẹ ti ní apá òsì àti apá ọ̀tún báyìí. Apá òsì á kọjá lórí okùn àárín. Apá ọ̀tún á bo orí òsì, á gba abẹ́ okùn àárín, á sì jáde sókè láti inú ihò tó wà lápá òsì. Ẹ fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà, kí apá ọ̀tún jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá lórí. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, títí yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Bó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kókó á máa lọ́ yípo, kò sì ní tẹ́.

Lẹ́yìn kókó méjì-méjì, ẹ fa okùn àárín wò. Bí kò bá mira, ẹ ti fún un jù. Bó bá ń yọ̀ fúnra rẹ̀, kò tíì fún tó. Ibi tó ti ń rìn bí a bá fà á, tó sì dúró bí a bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ là ń wá, ọwọ́ yín nìkan ló sì lè kọ́ yín níbẹ̀. Ẹ ta kókó kan sí orí okùn àárín kọ̀ọ̀kan kó má baà yọ jáde. Kí ẹ tó gé ìyókù dànù, ẹ tú ẹ̀gbà náà dẹ̀ tán, kí ẹ wò ó bóyá ó lè gba ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti fẹ̀ jù kọjá. Ọ̀pọ̀ ló ń wọn ọrùn ọwọ́ tí kì í wọn ibí yìí.

MÁ ṢE: Ẹ má jẹ́ kí gúlúù kan okùn àárín.
Ẹ̀kán kan ṣoṣo, kókó kò ní rìn mọ́ láéláé. Bí okùn bá jẹ́ pọliẹ́sítà, ẹ kò tilẹ̀ nílò gúlúù. Ẹ gé orí okùn kókó ku mìlímítà 2, ẹ sún láítà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí iná ti jẹ́ búlúù, torí ibi tó pupa rúsúrúsú máa ń fi èéfín dúdú sára okùn. Nígbà tó bá yọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́: ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ, á sì jó o. Òwú kì í yọ́ ní tirẹ̀, jíjó ló máa ń jó. Ẹ fi kútéèsì tí kò ní àwọ̀ kan ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kó jìnnà sí okùn àárín.

ṢE: Ẹ ta kókó sáàárín òkúta àti òkúta.
Bí okùn bá já, ẹyọ kan ló máa bọ́. Ìdí kejì ṣe pàtàkì jù. Lọ́dún 1812 ni Friedrich Mohs gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ tí a fi ń mọ bí òkúta ṣe le sí, láti 1 dé 10. Kúọ́tìsì àti ámẹ́tíìsì wà ní 7. Iyùn, tó jẹ́ egungun ẹ̀dá inú òkun, kò ju 3 sí 4 lọ. Ẹ sín wọn mọ́ ara wọn láìsí kókó, kúọ́tìsì á máa ha iyùn lójoojúmọ́ títí dídán rẹ̀ á fi lọ. Kí kókó lè sún mọ́ òkúta tímọ́tímọ́, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ inú kókó kó tó fún, ẹ fi tì í dé ẹnu ihò, ẹ fún un, kí ẹ tó yọ abẹ́rẹ́.

MÁ ṢE: Ẹ má lu òkúta fúnra yín ní gbígbẹ.
Àwọn oníláńtánà Ìlọrin, ìyẹn àwọn tó ń fi òkúta pupa ṣe ìlẹ̀kẹ̀, lọ òkúta náà, wọ́n sì lu ú fún ọjọ́ pípẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ tó lágbára ni, mo sì ń yọ̀ tí mo bá rí ìlẹ̀kẹ̀ wọn kan tó ṣẹ́kù lọ́rùn ẹnìkan. Ṣùgbọ́n eruku kúọ́tìsì àti àwọn ìbátan rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde. Ti málákáìtì ní májèlé. Ẹ gbé òkúta yín fún ẹni tó ní ẹ̀rọ àti omi.

Òkúta tí kò ní ihò, ẹ hun àwọ̀n fún un. Ẹ pa okùn mẹ́rin pọ̀ sí méjì kí wọ́n di orí mẹ́jọ, ẹ so ìdí wọn, ẹ ta wọn ní méjì-méjì, lẹ́yìn bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ẹ mú ẹyọ kan lára èyí, ẹyọ kan lára aládùúgbò rẹ̀, ẹ tún ta wọ́n. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ títí àwọ̀n á fi gba òkúta náà, kí ẹ wá kó orí wọn jọ gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kan tó ń fún ẹnu rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lè yọ òkúta yìí, kí ẹ fi òmíràn sí i.

MÁ ṢE: Ẹ má fi kókó tó ń rìn sọ́rùn ọmọdé.
Ohun tó ń fún kì í gbé ọrùn ọmọ. Ẹyọ òkúta tó bọ́ sì lè há a lọ́fun. Àgbà náà tó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ọlọ, kó bọ́ ọ sílẹ̀.

MÁ ṢE: Ẹ má pe gíláàsì tuntun ní sẹ̀gi.
Sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù àtijọ́ yẹn, gíláàsì ni òun fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn wa ló sì ṣe é. Ní Igbó Olókun, n'Ílé-Ifẹ̀, Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn ta èyí tó ti ilé iṣẹ́ dé lánàá ń jí nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ pè é ní gíláàsì búlúù, kí ẹ sì tà á tọkàntọkàn, gíláàsì dára. Bákan náà, òkúta funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní howlite, tí wọ́n sábà máa ń pa láró kí wọ́n tó tà á ní tọ́kọ́ìsì. Ẹ fi òwú tó tutù pẹ̀lú omi tí a fi ń nu kútéèsì kan ẹnu ihò; bí òwú bá búlúù, ẹ ti mọ ohun tí ẹ rà.

ṢE: Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí irú rẹ̀ bá ṣe rí.
Iyùn kò fẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́, kò sì fẹ́ lọ́fínńdà. Ẹ fín tiyín tán kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ámẹ́tíìsì tó bá ń jókòó sójú fèrèsé á ṣá. Ẹ fi aṣọ tútù nu okùn, ẹ má rẹ ẹ́ sómi ọṣẹ, ẹ sì sá a síbi òjìji. Lóṣooṣù, ẹ fa kókó wò, kí ẹ wo ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan. Bí okùn bá ti ń hu irun níbẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá já: ẹ gé e, ẹ da òkúta sínú abọ́, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ sín.