Ẹ̀kọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà: Ohun Èlò Àfarawé àti Ewu Inú Rẹ̀

Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo lè pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni odindi ẹ̀rọ. Irú ìpín bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ àfarawé. Ètò ìdarí tí a gbé sí inú rẹ̀, bí Windows tàbí Linux, ni àlejò. Ẹ̀rọ gidi, pẹ̀lú ètò tí ń bójú tó àwọn ìpín náà, ni onílé. Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran, ọ̀rọ̀ náà sì bá èyí mu gidigidi. Àlejò ń wá dísìkì, ó ń wá aago, ó ń wá káàdì tí yóò fi bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Onílé ni yóò fi gbogbo wọn hàn án, bí wọn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà kéde ètò kan tí a ń pè ní VM/370. Ní ìgbà náà, páálí tí a lu ihò sí lára ni a fi ń kó iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. VM/370 fún olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ẹ̀rọ tí ń lu páálí, èyí tí ń ka páálí, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àfarawé sì ni gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kejì, ẹ̀rọ tirẹ̀ a lu páálí, ẹ̀rọ ti ẹnì kejì a sì kà á, bẹ́ẹ̀ ni páálí kankan kò kúrò ní orí tábìlì. Inú dísìkì onílé ni ohun gbogbo ti ń ṣẹlẹ̀.

Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Nígbà tí àlejò bá fẹ́ ka dísìkì, yóò kọ àṣẹ rẹ̀ sí ibi kan tí ó ní nọ́ńbà, níbi tí ojúlówó dísìkì ìbá ti rí i. Kété tí ó bá kọ ọ́, ọpọlọ ẹ̀rọ yóò dá a dúró, yóò sì fa iṣẹ́ lé onílé lọ́wọ́. Onílé yóò wo àṣẹ náà, yóò ṣí fáìlì lásán kan tí ó dúró bí dísìkì, yóò kó ohun tí a béèrè sí inú ìrántí àlejò, yóò sì ta á lólobó gẹ́gẹ́ bí dísìkì gidi ti í ṣe. Àlejò kò mọ̀ pé a dá òun dúró rárá. Ṣùgbọ́n bí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, iṣẹ́ a máa falẹ̀. Nítorí èyí ni Rusty Russell fi ṣe ètò virtio, tí ó kọ ìwé lé lórí ní ọdún 2008: níbẹ̀, a sọ fún àlejò ní gbangba pé àlejò ni, yóò to ọ̀pọ̀ ìbéèrè jọ, yóò sì pe onílé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú tiwa, òtítọ́ yìí sàn ju ẹ̀tàn lọ.

Ẹ̀tàn àtijọ́ kò sì ṣàìní ewu. QEMU, ètò tí Fabrice Bellard ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ń farawé ọ̀pọ̀ ohun èlò àtijọ́, títí kan ẹ̀rọ dísìkì pẹlẹbẹ tí à ń pè ní flọ́pì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, Jason Geffner ti ilé-iṣẹ́ CrowdStrike kéde àbùkù kan tí ó ti wà nínú flọ́pì àfarawé yìí láti ọdún 2004. Orúkọ tí wọ́n fún un ni VENOM. Báìtì 512 ni àyè tí a pèsè fún àwọn àṣẹ àlejò. Lẹ́yìn àṣẹ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí kíkà padà sí òdo. Àwọn àṣẹ méjì kan wà tí kíkà wọn kì í padà bí ó ti yẹ. Nítorí náà, àlejò oníbàjẹ́ lè máa kọ̀wé lọ kọjá ààlà, wọ inú ìrántí onílé.

Ẹ rántí pé lórí ẹ̀rọ kan náà, àlejò púpọ̀ ni ó máa ń wà, iṣẹ́ oníṣòwò kan nínú yàrá yìí, ìwé ilé ìwòsàn nínú yàrá kejì. Ẹni tí ó bá gba agbára onílé lè ṣí gbogbo yàrá. Xen, KVM àti VirtualBox pẹ̀lú ń lo flọ́pì yìí. Kódà, yíyọ flọ́pì kúrò nínú ètò àlejò kò tó láti dènà ewu náà, nítorí pé nínú Xen àti QEMU, àbùkù mìíràn ń jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Àtúnṣe jáde kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè wúlò, onílé ní láti pa ẹ̀rọ àfarawé kọ̀ọ̀kan pátápátá kí ó tó tún un tàn. Bí àlejò bá kàn tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá rẹ̀, flọ́pì àtijọ́ náà ni yóò tún bá níbẹ̀.