Aṣúnná Kì í Ṣe Ahun

Gbólóhùn kan ti ń yọ́ wọ inú èdè wa, ó sì yẹ kí a dá a dúró kí ó tó ta gbòǹgbò: "arìnrìn-àjò olówó pọ́ọ́kú". Ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn ni ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ti ìlú ńlá kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ èrò, tí wọ́n ń wá ibi sùn tí owó rẹ̀ kò ga, tí wọ́n sì ń jẹun lọ́wọ́ olóúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ yé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gbé e. Ọjà ni à ń pè ní olówó pọ́ọ́kú. Bí a bá ní aṣọ olówó pọ́ọ́kú, aṣọ náà ni a dá iye lé. Bí a bá wá sọ bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn, ènìyàn náà la ti gbé sórí àtẹ. Àwọn tó rí i pé èyí kò gún régé a sì sá lọ sídìí "tálákà", tàbí kí wọ́n kúkú pe ẹni náà ní ahun. Èrò tèmi ni pé Yorùbá ti ní orúkọ tó yẹ irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀, orúkọ iyì sì ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ètò owó ìjọba. Ọdọọdún ni àwọn gómìnà ń gbé àbá ètò ìṣúná lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí àwọn oníròyìn á sì máa ka bílíọ̀nù lórí bílíọ̀nù. Bí owó náà ṣe máa ń pọ̀ tó kò jẹ́ kí etí wa gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ṣún owó ná ni ó ti wá: kí ènìyàn máa ná ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwọ̀nníwọ̀n, kí ó má baà tán kí ó tó débi tó ń lọ. (Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ kí a fi n méjì kọ ọ́, ìṣúnná, kí ojú lè rí ṣún àti ná nínú rẹ̀. N kan ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ń lò, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.) Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, aṣúnná ni, tàbí aṣúnwóná fún ẹni tó bá fẹ́ kí owó hàn nínú orúkọ náà. Ẹnì kan lè sọ pé ìjọba ti gba ọ̀rọ̀ yìí, pé bí a bá tún lò ó fún ọ̀dọ́ tó ń rìn kiri, yóò da òye rú. N kò rò bẹ́ẹ̀. "Ètò ìṣúná" ni ti ìjọba, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ "aṣúnná" tí yóò rò pé kọmíṣọ́nnà ètò owó là ń bá wí. Àní ọ̀dọ́ tó ní owó kékeré, tó fẹ́ fi í rí ìlú márùn-ún, ló sún mọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà jù.

Ahun yàtọ̀ pátápátá. Ahun ní lọ́wọ́, kò jẹ́ ná an. Òun fúnra rẹ̀ pàápàá kì í rí i jẹ. Háwọ́háwọ́ sún mọ́ ahun, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń há ọwọ́ sí: ó lè jẹ tirẹ̀ yó kí ó má fún aládùúgbò. Tálákà ní tirẹ̀ kò ní, àìní kì í sì í ṣe ìwà, ipò ni. Aṣúnná ní ìwọ̀n kan, ó sì ti pinnu ohun tí yóò fi ṣe. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, òwe tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ìrìn-àjò dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò. Ahun kì í fẹ́ kúrò nílé rárá, nítorí owó ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti tó láti dùn ún. Ẹni tó kọ yàrá olówó gọbọi ní ìlú kan kí ó lè rí owó ọkọ̀ dé ìlú kejì kò ṣe ahun. Ó ti náwó, ó kàn mọ ibi tó fẹ́ ná an sí ni. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yìí ní ojú méjì, kò sì yẹ kí a fi ojú kan pamọ́. Ẹni tó bá ń ná ọjà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀wà títí èrè ìyá náà fi tán, tó sì ní òun ń ṣún owó ná, ahun ni. Èdè wa ló fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, ná, pe owó tí a yọ sílẹ̀ àti iye tí a ń dù lórí ọjà. Aṣúnná a máa ṣe méjèèjì. Ahun a fẹ́ ná ọjà láìná owó.

Ojú ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Abidjan ni a ti lè rí bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó lé ní kìlómítà 1,000, ó sì gba Bàdágírì, Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé àti Accra kọjá. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan lára wọn láyè láti wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lò tó 90 ọjọ́ níbẹ̀. Fún aṣúnná, owó físà tí kò san yìí ni owó oúnjẹ. Owó CFA kan náà ni Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire ń ná, Gánà sì ń ná sídì tirẹ̀, nítorí náà ìgbà tí ènìyàn yóò ṣẹ́ owó lójú ọ̀nà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣẹ́ owó ni kí a wí, kí a sì pe àwọn tó jókòó sí ibodè ní "àwọn tó ń ṣẹ́ owó" tàbí apààrọ̀ owó. Gírámà ì bá gbà kí á pè wọ́n ní aṣẹ́wó, ṣùgbọ́n òwò mìíràn ti gba orúkọ yẹn, kò sì yẹ kí a ti ipa gírámà bu ènìyàn kù. Bákan náà, a kì í "wọ" zémidjan Kútọnu. Alùpùpù ni, gígùn là ń gùn ún, bí a ti ń gun ọ̀kadà l'Ékòó. Trotro Accra ni a lè wọ̀, nítorí ọkọ̀ ni. Owó pẹ́nì mẹ́ta ayé àtijọ́ ni wọ́n sọ pé ó ti gba orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó wọ ọkọ̀, èrò ni. Níhìn-ín ni mo ti ní ohun tí mo fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn wa gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí èrò ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá kiri tí wọn kò rí. Agbèrò ń kó èrò sọ́kọ̀ ní gárèèjì, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí ẹsẹ Ifá bá ń parí lọ, babaláwo a máa ké pe èrò Ìpo àti èrò Ọ̀fà. Nínú Bíbélì Yorùbá, ilé èrò ni Jósẹ́fù àti Màríà kò ti ráyè, ilé èrò náà sì ni ará Samáríà gbé ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù lọ, tó sanwó rẹ̀ fún olórí ilé. A ní ilé èrò nílẹ̀, a wá ń pe ibi tí ibùsùn mẹ́jọ wà nínú yàrá kan, tí àwọn tí kò mọ ara wọn rí ń sùn, ní "ilé ìtura". Ìtura kọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ibi ìfẹ̀yìntilẹ̀ fún ẹni tó wà lọ́nà ni, bí ó sì ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ní 1912, nígbà tí olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Richard Schirrmann ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú ilé olódi àtijọ́ kan ní Altena ní Jámánì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn kiri ló ní lọ́kàn. Ilé èrò bá a mu ju ohun gbogbo lọ.

Àtakò méjì ni mo ń retí. Èkíní ni pé èrò ti di ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán, pé "èrò pọ̀ lọ́jà" ni a sábà máa ń gbọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá rìn pẹ̀lú èrò ló ń sọ irú èyí tó jẹ́: èrò ọkọ̀, èrò ọ̀nà, ilé èrò. Bí a bá ní "èrò aṣúnná", kò sí ẹni tí yóò wo ọjà. Àtakò kejì lágbára jù ú lọ. Wọ́n á ní èrò ayé àtijọ́ ń ṣòwò ni, pé rírìn kiri ìlú fún ìgbádùn kì í ṣe àṣà wa, pé ohun àjèjì yẹ ní orúkọ àjèjì. Lóòótọ́, àwọn alájàpá tó ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú kò jáde nítorí ìran wíwò. Síbẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rìn ni a ń sọ, kì í ṣe ìdí tí wọ́n fi jáde: wọ́n ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń wọ̀ sí ibi tí owó wọn ká, wọ́n sì ń san owó bodè. Ẹni tó bá sì rò pé Yorùbá kò ka ìlú mìíràn tí a rí sí èrè, kí ó rántí pé àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo wọ̀ sí, ó sì yẹ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. "Mo dúró sí Lomé fún ọjọ́ mẹ́ta" ti gbòde, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dúró kò jókòó, tàbí kí ó máa retí ẹnì kan. Ẹni tó ń gbé Lomé ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Àlejò a máa wọ̀ síbì kan: "Ilé ta lo wọ̀ sí?" ni ìbéèrè tí ìyá wa yóò bi wá, ìbéèrè náà sì kún, nítorí ó fẹ́ mọ ẹni tó ń mójú tó wa níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta náà, a lò ó ni: "Mo wọ̀ sí ilé èrò kan ní Lomé, mo sì lo ọjọ́ mẹ́ta." N kò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Báàgì, gárèèjì, hòtẹ́ẹ̀lì àti físà ti di tiwa, ohun tuntun ni wọ́n bá wá. Ohun tó ń dùn mí ni kí ọ̀rọ̀-ìṣe kan gba iṣẹ́ mẹ́ta ṣe nígbà tí àwọn mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà jókòó sílẹ̀. Ti ẹrù náà rí bẹ́ẹ̀: orí là ń fi ru ẹrù, ọmọ là ń pọ̀n, báàgì onítáyà là ń fà, èyí tó sì ní okùn méjì là ń gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ló kù, òun ló sì gba àròjinlẹ̀ jù. Nínú "mo lọ sí Accra pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi", pẹ̀lú kì í ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ Yorùbá àtijọ́ ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sọ ẹni tó ni ìrìn-àjò náà fún wa. Yorùbá ń béèrè ìyẹn. Bí mo bá ní "mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ", òun ló ni ìrìn, èmi ni alábàárìn. Bí mo bá ní "ó tẹ̀lé mi lọ", èmi ni mo wà níwájú. Bí mo bá ní "ó sìn mí", yóò padà ní gárèèjì tàbí ní ibodè. Bí ó bá sì jẹ́ "èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ lọ", àwa méjèèjì la ni ín. Ìyàtọ̀ yìí dé inú àpò. Ẹni tó sọ fún ẹnìkejì pé "bá mi ká lọ" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òun ni yóò gbọ́ bùkátà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbọ́ ọ yóò ṣe gbà á. Ìjà tí ń bẹ́ láàárín ọ̀rẹ́ ní ìlú kejì tàbí ìkẹta, inú ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan gbọ́ "bá mi lọ", èkejì ní "a jọ lọ" lọ́kàn. Ẹnì kan lè ní láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àgbà ni yóò sanwó, ìbáà jẹ́ bá, ìbáà jẹ́ jọ. Àṣà náà wà, n kò sì ní kí a pa á tì. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ti ní àyè tirẹ̀ nínú "ẹ" tí àbúrò ń fi bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ àti nínú ẹni tó kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Ìrìn tí a jọ ni kò gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Jọ yìí náà ló wà nínú àjọ. Àmì ìsàlẹ̀ kan àti ohùn kan ló ya àjò tí à ń lọ kúrò lára àjọ tí à ń dá, ẹni tó bá sì ń kọ "ajo" láìfi àmì sí i ti da ìrìn pọ̀ mọ́ owó, ó tún ti da méjèèjì pọ̀ mọ́ ajọ̀ tí a fi ń jọ èlùbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó dá owó jọ sínú àpò kan kí wọ́n tó kúrò l'Ékòó ti dá àjọ nítorí àjò, owó ọkọ̀, owó ilé èrò àti owó oúnjẹ yóò sì máa ti inú àpò náà jáde láìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Wọ́n máa ń fi "àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní" bú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Mo gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn: kí a tó dá àjọ ni kí a ti bi ara wa léèrè iye tí ẹni tó ní kékeré lè mú wá, kí a sì fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n ìrìn náà. Ìwọ̀n eku tó kéré jù ni ìwọ̀n ìtẹ́. Olóòtú tí kò ní àyè ju gbólóhùn kan lọ fún ìròyìn irú wọn lè kọ ọ́ báyìí: "Èrò aṣúnná méjì jọ ti Èkó dé Abidjan, wọ́n dá àjọ owó ọkọ̀, ilé èrò ni wọ́n sì wọ̀ sí lójú ọ̀nà."