Ẹ̀kọ́ Láti Etí Èbúté
(Lúùkù 5:1–4)

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́, orí afárá ni àwa ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń gbà kọjá odò Ọ̀wẹnà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ tàbí àgùnbánirọ̀ lè gbé wọn lọ sí ìlú olómi.

Ní èbúté Igbókòdá, níbi tí ọ̀nà omi Ìlàjẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọlọ́kọ̀ tí ó gbọ́n kì í kánjú. Yóò wò bóyá ọkọ̀ ń jò, yóò gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù, yóò sì gbé ẹrù wúwo sí ìsàlẹ̀ láàárín ọkọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni èrò ń wọlé, wọn a sì jókòó. Etí èbúté ni a ti ń wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó. Bí ọkọ̀ bá ti dojú dé, ó ti pẹ́ jù.

Ní ẹsẹ 3, Olúwa ní kí Símónì sún ọkọ̀ kúrò ní ilẹ̀ díẹ̀. Ní ẹsẹ 4 ni Ó tó rán an sí ibú.

Ilé àti ilé-ẹ̀kọ́ ni èbúté àwọn ọmọ wa. Kí ni a fi wọ̀ wọ́n kí wọ́n tó ṣí?