ÀLEJÒ LÓRÍ ẸNÍ ÌKÍRUN

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìwà àlejò ní erékùṣù kékeré. Misali ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní ìwọ̀ oòrùn Pemba, ní Zanzibar, orílẹ̀-èdè Tanzania, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n kìlómítà kan onígun mẹ́rin lọ.

Ní èdè Swahili, msala ni ẹní ìkírun. Àwọn ará Pemba máa ń sọ pé ẹni mímọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hadhara, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Khidr, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó bèèrè ẹní lọ́wọ́ àwọn apẹja kí ó lè kírun, wọn kò ní. Ó ní kò burú, erékùṣù tó kọjú sí kíbúlà yìí ni yóò jẹ́ ẹní òun. Ìtàn ẹnu ni o, kì í ṣe hádíìsì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tutọ́ sórí ẹní ìkírun?

Síbẹ̀, àwọn kan ń ju àdó olóró sínú òkun ibẹ̀ láti fi pa ẹja. Bí àdó bá dún, ẹja ńlá, ẹja wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ a kú pọ̀, àpáta iyùn a sì fọ́ túútúú. Iyùn tí à ń wí kì í ṣe ti ọrùn ìyàwó. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké ló ń kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́lé. Òmíràn kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ń sá sí. Ẹni tó bá fọ́ ọ, oúnjẹ ọmọ ara rẹ̀ ló dànù.

Ní 1998 ìjọba sọ Misali di ibi ààbò, wọ́n sì ya apá kan òkun rẹ̀ sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja. Òfin nìkan kò tó, nítorí òkun fẹ̀ ju ojú ẹ̀ṣọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí ni Fazlun Khalid, tó dá àjọ IFEES sílẹ̀ ní Birmingham, bá àwọn apẹja, áfáà àti olùkọ́ ilé kéwú ibẹ̀ jókòó ti Àlùkùráánì: pé amánà ni ayé jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, pé Súúrà Ar-Rúm (30:41) so ìbàjẹ́ ilẹ̀ àti ti òkun mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àwọn tí kò ka ẹ̀ṣọ́ sí bẹ̀rẹ̀ sí ka èyí sí.

Àlejò wá ńkọ́? Kò gbé àdó dání, ṣùgbọ́n ó lè dúró lórí iyùn nígbà tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó lè yọ ẹranko òkun tó rí bí ìràwọ̀ kúrò nínú omi kí wọ́n lè ya òun ní fọ́tò, títí yóò fi kú. Ó lè ṣa ìkarahun, bẹ́ẹ̀ akàn kan wà tó jẹ́ pé inú ìkarahun òfìfo ló ń gbé. “Ẹyọ kan ni mo mú” ni gbogbo wọn ń wí! Lóru, ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sínú iyanrìn Misali. Bí ó bá rí iná tọ́ọ̀ṣì, ó lè padà láìyé. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa náà a máa tẹ̀lé iná dípò òkun. Ẹ pa iná, ẹ jìnnà sí wọn.

Ní ti àwọn onílé, ìwà wọn kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. “Hodi” ni àgò tí wọ́n ń ké lẹ́nu ọ̀nà; ẹ má wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ “Karibu”. “Shikamoo” ni a fi ń kí àgbà. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Ní ti aṣọ, ẹ̀yin arábìnrin ni wọ́n sábà máa ń wàásù fún. Lónìí, àwọn arákùnrin ni a fẹ́ bá wí: pátá ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe aṣọ ọjà. Bí ó bá sì jẹ́ Rámádáánì, arìnrìn-àjò ní àyè láti má gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹun nínú yàrá.

Omi tún ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ erékùṣù kékeré, orí omi iyọ̀ ni omi dídùn abẹ́ ilẹ̀ tẹ́ sí. Bí a bá fà á jù, iyọ̀ a wọ kànga onílé, àlejò a sì ti lọ. Hádíìsì kan nínú àkójọ Ibn Májà sọ bí Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ṣe kọ ìnákúnàá omi àlùwàlá fún Sáádì, àní létí odò tó ń ṣàn. Mélòó-mélòó wá ni omi ẹ̀rọ òtẹ́ẹ̀lì!

Láti 2006 ni Zanzibar ti fòfin de àpò ọ̀rá, nítorí náà ẹ gbé àpò aṣọ lọ láti ilé. Ohun yòówù tí ẹ bá gbé dé Misali, ike omi tàbí ìdọ̀tí oúnjẹ, ọkọ̀ ojú omi tó gbé yín wá ni kí ó gbé e padà.